Oògùn mẹ́rin fún àìsàn Niemann-Pick C: èwo ni kí òbí mú fún ọmọ?

Orí àtẹ̀gùn ni àṣírí ti tú sí wa lọ́wọ́. Ọmọ àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Dámilọ́lá, ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn láti ìgbà tó ti mọ ìrìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni lọ́jọ́ tí mo rí i tó dúró lókè, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, tó ń fi í wá ibi tí yóò tẹ̀ bí ẹni tó ń la odò kọjá lóru. Ọ̀ọ́kán ni ojú rẹ̀ ń wò. Mo ní, “Dámi, wo ẹsẹ̀ ẹ.” Ó dorí kodò títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà kó tó rí ilẹ̀. Ojú yẹn kò lè dá yí wo ìsàlẹ̀ mọ́. Àfi kí orí bá a lọ.

Ìgbà yẹn la wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ibà pọ́njú tó mú un nígbà tí wọ́n bí i, tí kò tètè lọ. Ọlọ inú rẹ̀ tí dókítà kan ti sọ nígbà kan pé ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé kíkọ rẹ̀ tó ń bàjẹ́ sí i dípò kó máa dára. Àti èyí tó ń dẹ́rù bà wá jù: tí bàbá rẹ̀ bá dápàárá tí ẹ̀rín bá pa ọmọ náà, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á lulẹ̀ gbì, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, etí rẹ̀ á máa gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, lẹ́yìn náà á dìde. Àwọn àgbà nílé ní wárápá ni. Ilé ìwòsàn kan ní àṣejù ọmọdé ni. Ó lé ní ọdún kan kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti jíìnì tó dárúkọ rẹ̀ fún wa: Niemann-Pick, irú C.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Maryland ní Amẹ́ríkà níbí ni mo ń gbé. Nígbà tí wọ́n kó ìwé oògùn lé àbúrò mi lọ́wọ́, èmi ló pè. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní oògùn wà o. Mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ. Èwo la máa mú?” Ìdáhùn tí mo fi oṣù mẹ́ta wá fún un ni mo kọ síbí, nítorí mo wá irú rẹ̀ ní èdè wa, n kò rí. Dókítà tó mọ àìsàn yìí ló máa kọ oògùn. Ṣùgbọ́n òbí ló máa dìde láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ láti fún ọmọ lò, ó sì yẹ kó mọ ohun tó ń fi sí ọmọ lẹ́nu.

Ilẹ̀kùn tó tì

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá gbé jíìnì kan tó ní àbùkù, ìyá gbé ọ̀kan, ara àwọn méjèèjì le koko, wọn kò sì mọ̀ rárá. Ọmọ tó bá jogún méjèèjì ló ń ṣàìsàn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan sì ni ewu náà ti jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an, nǹkan bí ọmọ kan nínú 100,000 sí 120,000 tí wọ́n bá bí. Kò sí tọkọtaya tí wọ́n ń ní kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó so yìgì.

NPC1 ni jíìnì tó ń fa èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1997 ni wọ́n rí i. NPC2 ló ń fa ìyókù. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣílẹ̀kùn kí kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù lè jáde kúrò nínú lysosome, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń tú ohun tó bá jẹ palẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá tì, ọ̀rá á kó jọ bí ààtàn tí ẹnikẹ́ni ò gbá. Ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú á wú, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló ń jìyà jù, pàápàá ọpọlọ ẹ̀yìn tó ń jẹ́ kí a lè dúró ṣinṣin, tó ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa bá ara wọn ṣiṣẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọmọ á máa pàdánù: ojú tó ń wo òkè wo ilẹ̀, ìrìn, ọ̀rọ̀ ẹnu, oúnjẹ gbígbé mì, ìrántí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di àwọn nǹkan márùn-ún yìí mú dáadáa. Àwọn la máa fi yẹ oògùn kọ̀ọ̀kan wò.

Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tún jíìnì náà ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní èyí tó ń mú un kúrò lára pátápátá, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Miglustat, àgbà wọn

Miglustat ló pẹ́ jù nínú wọn. Àìsàn mìíràn tó ń jẹ́ Gaucher ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún. Yúróòpù fọwọ́ sí i fún Niemann-Pick C ní 2009. Ní Amẹ́ríkà, FDA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn, kò gbà á nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú wọn. Ní 2010 wọ́n dá ìwé náà padà. Síbẹ̀ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, nítorí òfin gba dókítà láyè láti kọ oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn kan kó fi tọ́jú òmíràn. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló máa ń bá òbí fa ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ń ṣe kò ṣòro láti yé ni. Ó ń dín ọ̀rá kan tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe kù, kí ààtàn má baà tètè ga. Ilẹ̀kùn ṣì tì bó ṣe tì.

Ìdánwò rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2007 kó ènìyàn 29 jọ tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọdún kan. Ogún lo oògùn, mẹ́sàn-án gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọdé 12 sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo àwọn yẹn ló lo oògùn. Ohun tí wọ́n fi ojú sí jù ni bí ẹyinjú ṣe ń yára fò láti ọ̀tún sí òsì. Ti àwọn tó lo oògùn sàn díẹ̀, gbígbé oúnjẹ mì sì dára sí i. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ gbígbé mì kéré, kó rántí pé oúnjẹ àti itọ́ tó ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn yìí. Ọmọ tó ń gbé ọbẹ̀ mì láìsí ikọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gbé mì.

Ikùn ni wàhálà miglustat wà. Ó máa ń jẹ́ kí ara kọ ṣúgà àti wàrà, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e, ikùn á kún fún afẹ́fẹ́, ọmọ á rù, ọwọ́ àwọn mìíràn á máa gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé àbúrò mi le. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ nígbà mìíràn. A yọ wàrà kúrò, a yọ ẹlẹ́rìndòdò kúrò, dòdò tí Dámilọ́lá lè jẹ lójoojúmọ́ wá di ti ọjọ́ Àìkú nìkan, a fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ rọ́pò. Ìgbẹ́ náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kílò mẹ́ta ti lọ lára rẹ̀. Ẹ rántí kílò mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Méjì tó dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, FDA fọwọ́ sí arimoclomol, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Miplyffa. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún Niemann-Pick C láti ìgbà tí FDA ti wà. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù kan náà, wọ́n fọwọ́ sí levacetylleucine, tó ń jẹ́ Aqneursa. Àwọn òbí tó ti fi ogún ọdún retí ọ̀kan bá méjì lórí tábìlì. Ìbéèrè tó wá kù kò sì rọrùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mẹ́ta dá wọn yà: kí ni wọ́n wò, ta ni wọ́n fi wé, ìgbà wo ni wọ́n fi wò ó?

Arimoclomol: wọ́n wo ọmọ àti ọ̀dọ́ 50, ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjì, fún oṣù méjìlá. 34 gba oògùn, 16 gba oògùn òfìfo, ìyẹn èyí tó jọ oògùn gidi lójú ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òbí kò mọ èyí tí ọmọ òun ń lò, dókítà náà kò mọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ń lo miglustat tẹ́lẹ̀. FDA wo máàkì ohun mẹ́rin: ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ, gbígbé mì, àti bí ọwọ́ ṣe ń di nǹkan kékeré mú. Bí máàkì bá ṣe ń lọ sókè ni àìsàn ń le sí i. Nínú àwọn tó ń lo miglustat, máàkì àwọn tó fi arimoclomol kún un lọ sílẹ̀ ní 0.2 lẹ́yìn ọdún kan. Ti àwọn tó ń gba òfìfo gòkè ní 1.9. Ní èdè wa: ní apá kan àìsàn dúró fún ọdún kan gbáko, ní apá kejì ó ń rìn lọ.

Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ kò lọ tààrà o, kò sì yẹ kí n fi pa mọ́. Ilé iṣẹ́ Orphazyme ní Denmark ló kọ́kọ́ gbé e wá, FDA dá a padà ní 2021, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ̀n rìrì. Zevra ní Amẹ́ríkà rà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún iṣẹ́ ṣe, wọ́n tún padà wá. Nígbà tí FDA kó àwọn onímọ̀ jọ ní oṣù Kẹjọ 2024 láti dìbò lé e, 11 ní ó ṣiṣẹ́, 5 ní ẹ̀rí kò tó. Oògùn kan náà ti kùnà ní 2021 nígbà tí wọ́n fi dán àìsàn iṣan ALS wò. Èmi gbà pé ó ń ṣe iṣẹ́ fún Niemann-Pick C. Ṣùgbọ́n tí dókítà kan bá sọ fún yín pé òun ń ṣiyèméjì, kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn ni òun náà ì bá jẹ́.

Levacetylleucine: 60 ènìyàn, láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí dé àgbàlagbà. Kálukú lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 12, ó lo òfìfo fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí, àwọn kan pẹ̀lú ìyẹn. Nítorí náà ara wọn ni wọ́n fi ń wé ara wọn. Ọgbọ́n tó dára gan-an nìyí fún àìsàn tí kò ní èrò púpọ̀, nítorí gbogbo ọmọ tó wọ inú ìdánwò náà ló rí oògùn gidi lò lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò ń jẹ́ SARA, láti òdo sí 40, ó ń wo ìdúró, ìrìn, ìjókòó, ọ̀rọ̀ àti ọwọ́; bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ara ń sàn sí i. Lórí oògùn ó lọ sílẹ̀ ní 1.97, lórí òfìfo ní 0.60. Èyí tí wọ́n fi ju ara wọn lọ, lẹ́yìn ìṣirò wọn, jẹ́ 1.28.

Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wọn wà, àbúrò mi sì ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún òun. Levacetylleucine fi hàn pé ìrìn àti ọwọ́ lè sàn díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Arimoclomol fi hàn pé àìsàn lè dúró fún ọdún kan tó bá wà pẹ̀lú miglustat. Kò sí ìdánwò kankan tó gbé àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn. Ẹni tó bá ní kí a wá fi 1.28 ti èyí wé 2 àti díẹ̀ ti ìyẹn, kóńgò gàrí ló ń fi wọn aṣọ.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ka ìwé tí FDA ń mú kí wọ́n fi sínú páálí àwọn oògùn náà. Ìwé méjèèjì ló sọ pé a kò tíì mọ ọ̀nà tí oògùn náà ń gbà ṣiṣẹ́ nínú àìsàn yìí. Wọ́n ní àbá o, ṣùgbọ́n àbá ni. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó má jẹ́ kí ìyẹn lé e sá. Àbájáde tí wọ́n rí lára ọmọ ló ṣe pàtàkì sí mi ju àlàyé tó dùn létí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ní ẹbí ní Faransé. Láti 1957 ni oògùn òòyì kan tó ń jẹ́ Tanganil ti wà níbẹ̀, acetylleucine ló wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan á sọ fún yín pé bákan náà ni, pé kí ẹ ra ìyẹn, pé ó pọ́ọ́kú. Kì í ṣe bákan náà. Irú méjì tó dà bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ló wà pọ̀ nínú Tanganil; ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú Aqneursa, èkejì sì lè dí i lọ́nà. Ìwé oògùn náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe lò wọ́n pọ̀.

Ta ni ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ṣí fún?

Ìwọ̀n ara àti ọjọ́ orí ló máa kọ́kọ́ já ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Arimoclomol wà fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún méjì, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ní kí a lò ó pẹ̀lú miglustat. Tí ikùn ọmọ bá ti kọ miglustat pátápátá, ìnṣọ́ránsì lè fi gbólóhùn yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Levacetylleucine kò béèrè miglustat, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ tó kílò 15. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jẹ́ kílò 12, ti arimoclomol ni. Ọ̀dọ́ tí miglustat ń yọ lẹ́nu, ti levacetylleucine ni.

Kápúsù ni arimoclomol, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ìwọ̀n ara ló ń pinnu iye rẹ̀, láti 47 mg títí dé 124 mg lẹ́ẹ̀kan. Tí ọmọ kò bá lè gbé kápúsù mì, wọ́n lè ṣí i kí wọ́n da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú oúnjẹ rírọ̀, tàbí kí ó gba inú rọ́bà tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóúnjẹ kọjá. Ọ̀fìnkìn, ìgbẹ́ gbuuru àti rírù ni wàhálà rẹ̀ tó wọ́pọ̀. Ẹ ṣọ́ ara àti ètè ọmọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀: ara àwọn kan sú, ojú àwọn kan wú, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kíákíá. Ìyẹ̀fun nínú sáṣẹ́ẹ̀tì ni levacetylleucine, giramu kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 15 sí 24 ń lo méjì lóòjọ́, 25 sí 34 ń lo mẹ́ta, ẹni tó bá tó 35 ń lo mẹ́rin. Inú rírun, èébì, ọ̀fìnkìn, àti ìṣòro gbígbé mì ni wọ́n rí lára àwọn tó lò ó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti lè lóyún gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí wọ́n lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Èyí tó gba etí

Ìkẹrin ni cyclodextrin, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n so pọ̀ bí òrùka ni. Omi fẹ́ràn ìta rẹ̀, ọ̀rá fẹ́ràn inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ń fún eku tó ní àìsàn yìí ní oògùn mìíràn, cyclodextrin ni wọ́n sì fi pò ó kó lè yọ́. Eku sàn. Wọ́n rò pé oògùn ni. Nígbà tó di 2009, ó hàn pé ohun tí wọ́n fi pò ó ló ń ṣe iṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún ìbejì kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àkànṣe láti ọ̀dọ̀ FDA.

Ní Bethesda, tí kò jìnnà sí ilé mi, àwọn onímọ̀ NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, wá ń fi abẹ́rẹ́ gún un sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ènìyàn 14 ló wà nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2017. Ó jọ pé àìsàn wọn ń lọ́ra ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n etí wọn ń lọ. Oògùn náà ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń gbọ́ràn nínú etí, gbogbo òbí tó bá fọwọ́ sí ìwé ló sì mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe èyí tó tóbi, ènìyàn 56, níbi tí wọ́n ti gún àwọn kan lábẹ́rẹ́ gidi ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí wọ́n sì kàn fi abẹ́rẹ́ ta ẹ̀yìn àwọn yòókù pín-ín láìfi nǹkan kan sí i. Nígbà tí àbájáde dé ní 2018, ìyàtọ̀ kò sí láàárín wọn. Ilé iṣẹ́ Mallinckrodt pa á tì ní 2021. Àwọn ìdílé kan sunkún pé kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ àwọn, nítorí wọ́n gbà pé ọmọ àwọn ń sàn. N kò lè dá wọn lẹ́jọ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn, Cyclo Therapeutics, gbé èyí tí wọ́n ń fa sínú iṣan lọ fún ìdánwò tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tó yàtọ̀ láàárín 2017 àti 2018. Ní àkọ́kọ́, àwọn aláìsàn àtijọ́ ni wọ́n fi wé. Ní ìkejì, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí wọn kò mọ èyí tí wọ́n ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè “ta ni wọ́n fi wé?” kí n tó bèèrè ohunkóhun nípa oògùn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Tí oògùn kò bá tíì gba ìwé

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó fẹ́ oògùn tí FDA kò tíì fọwọ́ sí. Ìdánwò ni mo fẹ́ràn jù: wọ́n ń ṣọ́ ọmọ lójú méjèèjì, oògùn ìdánwò sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ohun tí wọ́n bá rí lára ọmọ yín á sì ran ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ òfìfo ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè bóyá gbogbo ènìyàn á gba oògùn gidi tí ìdánwò bá parí. Ọ̀nà kejì ni kí dókítà tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ FDA fún aláìsàn kan tí kò lè wọ ìdánwò. Ẹ̀kẹta ni òfin “Right to Try” ti 2018 tí kò gba ọwọ́ FDA kọjá rárá. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé èyí ló yá jù. Nínú méjèèjì yìí, ilé iṣẹ́ tó ni oògùn gbọ́dọ̀ gbà kó tó fún yín, kò sì sí òfin tó fi ipá mú un. Èmi kò ní mú ẹ̀kẹta, nítorí ojú tó ń ṣọ́ ọmọ níbẹ̀ kéré.

Ẹgbẹ́ National Niemann-Pick Disease Foundation wà ní Amẹ́ríkà, Niemann-Pick UK wà fún àwọn tó wà ní Ìlú Ọba. Àwọn òbí tó wà níbẹ̀ ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú yín.

Ohun tí a ṣe nílé àbúrò mi

A jókòó yí tábìlì ká ní alẹ́ Sátidé kan. Mo kọ nǹkan márùn-ún yẹn sórí ìwé: ojú, ìrìn, ọ̀rọ̀, gbígbé mì, ìrántí. Bàbá ọmọ ní ìrántí ni kí a gbà là kí gbogbo ìyókù máa lọ. Àbúrò mi ní gbígbé mì. Mo ní kí wọ́n bi Dámilọ́lá, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Ó ronú pẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń fà díẹ̀. Ó ní, “Màámi, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mi gun òkè.” Ọ̀rọ̀ ìyẹn yí gbogbo ètò wa padà. Títí di ìgbà yẹn, oògùn tó dára jù la ń wá. Ohun tí a kò fẹ́ kí àìsàn gbà lọ́wọ́ ọmọ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yàn.

Mo wá gbé kílò mẹ́ta yẹn síwájú wọn. Miglustat ti mú un rù, kílò 31 ló kù. Arimoclomol náà lè mú un rù sí i. Nítorí náà a bá dókítà sọ ọ́, ó sì gbà pẹ̀lú wa: kí miglustat dúró nítorí gbígbé mì, kí levacetylleucine ṣáájú nítorí ìrìn, kí arimoclomol dúró di ìgbà tí ara rẹ̀ bá padà sí kílò 34. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá kó méjì lé ọmọ lórí lọ́jọ́ kan náà tí inú bá ń run ún, èwo la máa di ẹ̀bi rù? Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ kí wọ́n tó gbà. Ẹ má jẹ́ kí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́ dá yín dúró. Dókítà kọ lẹ́tà, àbúrò mi fi fídíò ìrìn ọmọ náà kún un.

Báyìí ni àárọ̀ wọn ṣe rí. Àbúrò mi á wọn omi tútù 40 mL sínú ife kékeré, á ya orí sáṣẹ́ẹ̀tì, á da ìyẹ̀fun funfun náà sí i, á fi ṣíbí rò ó títí kò fi ní sí ẹyọ kan nísàlẹ̀. Omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kàn án. Dámilọ́lá á gbé orí ró, á mu ún ní ìdákọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ á máa wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Tó bá kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ife, wọ́n á bu omi sí i, á tún mu ìyẹn.

Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń lọ síbẹ̀ láti ya fídíò. Àtẹ̀gùn kan náà, bàtà kan náà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mẹ́tàlá ni àtẹ̀gùn náà. Ní Sátidé tó ṣáájú oògùn, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 41 kó tó dé ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, 33. Sátidé kan ti wà láàárín tó jẹ́ 45, ìdí nìyẹn tí n kì í fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́. Ó ṣì ń dorí kodò. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ó ti ń ka á sókè bó ṣe ń bọ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, ohùn rẹ̀ ń fà, tó bá sì ti dé ẹẹ́tàlá á gbójú sókè wò mí á ní, “Àǹtí, mélòó ni?”